Ọ̀pá Ìgbóná Inú Balùwẹ̀: Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Rẹ̀



Àwọn kan nínú wa ní Calgary ra ilé tó ti ní ọ̀pá oníná lára ògiri balùwẹ̀, èyí tí a ń fi aṣọ ìnura kọ́ kó lè gbóná. Bí ó bá ti gbó, ẹ má kàn sáré ra òmíràn. Owó ọjà nìkan kọ́ ni ìnáwó rẹ̀.

Èkíní, ẹ ka ohun tí a kọ sára ti àtijọ́: 120 volt ni àbí 240? Ẹ má ní kí mọ̀lẹ́bí rà á wá láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí iná ti jẹ́ 230 volt. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ tó jẹ́ 100 watt sí iná 120, nǹkan bí 27 watt péré ni yóò mú wá. Ẹ wo àmì CSA tàbí cUL lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Èkejì, omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná tó ní láísẹ́ǹsì wò ó bóyá GFCI wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń já iná kí ó tó gbé èèyàn. Bí ẹ óò bá fa wáyà tuntun, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú; ẹ lè pe 311 láti béèrè.

Ẹ̀kẹta, owó iná. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọ̀pá 100 watt bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò jẹ kilowatt-wákàtí 876 lọ́dún. Bí a bá ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ǹtì 12, dọ́là 105 ni, láìka owó gbígbé iná wálé. Ní wákàtí méjì lójúmọ́, kò tó dọ́là 9. Nítorí náà, ẹ ra èyí tó ní aago tí ń pa á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ilé háyà, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹ bá fi irú kan náà rọ́pò rẹ̀, owó àtúnṣe ni Canada Revenue Agency sábà máa ń kà á sí, ẹ sì lè yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé ọdún náà. Bí ó bá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún ni ẹ óò máa yọ ọ́. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ kò ní nǹkan kan láti yọ.

Kí Ọlọ́run dá ilé wa sí o.