Sìgá ò jẹ́ kí ẹnu yín ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa ní Ìsọlọ̀, dánfó ló ń wà lọ sí Òṣòdì. Kò tíì ju ọmọ ọdún 40 lọ, eyín rẹ̀ méjì ti ń mì. Kòkòrò eyín ló pè é. Ó ra páràgà lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, ó fi yọ ẹnu, ó fi aṣáà sí i, ó tún fa sìgá lé e. Mo ní kó lọ rí dókítà eyín. Ó ní, "Àbúrò, ẹnu mi ò ṣẹ̀jẹ̀ rí. Kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Nicotine inú sìgá máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Ẹran ìdí eyín tó yẹ kó pọ́n, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń fọ ẹnu, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsàn wà níbẹ̀, ó ń jẹ egungun tó di eyín mú, àmì ni ò hàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fa ṣíṣà lálẹ́ Friday, nicotine wà nínú ìyẹn náà o.

Nígbà tí ìrora pọ̀, ẹ̀gbọ́n lọ. Kí dókítà tó yọ eyín kankan, ó bi í pé ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́, ṣé ó máa ń jí tọ̀ lóru. Wọ́n gún ìka rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà rẹ̀ ti lọ sókè gan-an, kò sì mọ̀ rárá.

Àlọ àti àbọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lè bá kòkòrò jà dáadáa, ìdí eyín á tètè bàjẹ́. Ìdí eyín tó bàjẹ́ náà kì í jẹ́ kí insulin ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ṣúgà á tún gòkè. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà àwọn kan fi máa ń wálẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá tọ́jú ẹnu wọn. Ti ọkàn ńkọ́? Àwọn onímọ̀ kò tíì fọwọ́ sọ̀yà pé ìdí eyín ló ń fa àìsàn ọkàn, àmọ́ àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, kòkòrò ẹnu a sì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ti sìgá àti àìsàn ṣúgà ò ní àríyànjiyàn nínú: wọ́n ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn jẹ́.

Òfin ọdún 2015 ti ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Òṣòdì, kẹ́ ẹ bèèrè ẹyọ kan, ẹ máa rí i rà. Àmọ́ kì í ṣe ìyá tó ń tà á ni mò ń bínú sí. Wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì rí ẹni tó sọ pé "ya ẹnu" níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ti tó o!

Ẹ̀gbọ́n ti ń lo oògùn ṣúgà. Eyín kan ti lọ, dókítà ṣì ń gbìyànjú láti gba èkejì là. Nígbà tó pa sìgá tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, ló bá sáré pè mí pé òun fẹ́ padà sídìí ẹ̀. Dókítà sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́nà débẹ̀."