Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ FÚN ÌTÒ ÌLÚ: ÀPẸẸRẸ LÁTI ÒKÈ-ÒGÙN

1. Ìfáárà

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Irú ìpèsè bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìmọ̀ nípa ìtò ìlú pẹ̀lú. Nínú pépà yìí, a óò ṣàlàyé kókó márùn-ún tí Kevin Lynch gbé kalẹ̀ ní 1960, a óò sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá wọn mu. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ wà fún márààrún, ṣùgbọ́n pé ìlú Yorùbá ní kókó kẹfà tí kò sí nínú ti Lynch. Òkè-Ògùn, agbègbè ọ̀dàn tí Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti Ìjió wà, ni a ti mú àpẹẹrẹ wa.

2. Kókó márùn-ún

Lynch wádìí lọ́wọ́ àwọn ará Boston, Jersey City àti Los Angeles bí wọ́n ṣe mọ ìlú wọn sí. Ó rí i pé ohun márùn-ún ni wọ́n fi ń gbé àwòrán ìlú sọ́kàn.

(a) Ọ̀nà: ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá. Yorùbá sábà máa ń fi ibi tí ọ̀nà ń lọ pè é: ọ̀nà odò, ọ̀nà oko, ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

(b) Ààlà: ohun tí ó pín ibi kan sọ́tọ̀ kúrò lára ibòmíràn. Odi àti yàrà ni a mọ̀ jù láyé àtijọ́. Ẹnubodè ni ibi tí ọ̀nà ti la odi kọjá.

(d) Àdúgbò: apá kan ìlú tí ó ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀.

(e) Oríta: ibi tí ọ̀nà ti pàdé, tí ẹsẹ̀ sì ń pọ̀ sí. Ọjà ọba tí ó wà níwájú ààfin wà nínú ìsọ̀rí yìí.

(ẹ) Àmì: ohun tí a ń wò láti mọ ibi tí a dé. Ní Òkè-Ògùn, òkè ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó ń lọ sí Adó-Awáyè yóò rí òkè rẹ̀ kí ó tó rí ilé kankan.

3. Kókó kẹfà: agbo ilé

Agbo ilé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo, kò sì tóbi tó àdúgbò. Ó ní àgbàlá nínú, ó sì ní ìta níwájú. Ibùgbé ni, ẹbí sì ni pẹ̀lú, nítorí pé a lè sọ pé agbo ilé kan wó, a sì tún lè sọ pé agbo ilé kan ṣèpàdé. Èdè fúnra rẹ̀ fi ipò rẹ̀ hàn: baálé ni olórí agbo ilé, baálẹ̀ sì ni olórí ìletò tàbí ìlú tí kò ní ọba aládé. Bí a bá túmọ̀ agbo ilé sí pùlọ́ọ̀tì, ìwọ̀n ilẹ̀ nìkan ni ó kù. Ẹbí ti kúrò níbẹ̀.

4. Ẹ̀rí láti Òkèhò

Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìlú kéékèèké kó jọ sí Òkèhò láàrin òkè fún ààbò. Ní 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba amúnisìn. Lẹ́yìn tí ìjọba ti tẹ ìdìde náà rì, ìlú ṣí kúrò láàrin òkè ní 1917, ó sì tẹ̀dó sí ibi tí ó wà lónìí. Ibùdó àtijọ́ di ahoro.

Ìṣípòpadà yìí dán kókó wa wò. Òkè tí ó jẹ́ ààlà àti àmì kò ṣe é gbé. Àwọn ọ̀nà àtijọ́ pẹ̀lú kù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orúkọ bí Ìsìà àti Olele bá àwọn ènìyàn dé ibùdó tuntun, wọ́n sì wà níbẹ̀ dòní. Ohun tí ó lè bá ènìyàn rìn ni ohun tí a dá lórí ẹbí, ìyẹn agbo ilé, àti àdúgbò tí àwọn agbo ilé para pọ̀ dá. Nítorí náà, a kò lè ka agbo ilé mọ́ ohun tí a fi amọ̀ tàbí bíríkì kọ́ nìkan.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìgbésí ayé àwọn ará ìlú. Bí awọnlẹ̀ bá fẹ́ ya àwòrán ìlú bí Ìjió, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà àti pùlọ́ọ̀tì nìkan ni ó ní lórí ìwé rẹ̀, ìta agbo ilé yóò dà bí ilẹ̀ òfìfo lójú rẹ̀, yóò sì rọrùn láti fi í fẹ ọ̀nà tàbí kí a pín in. Bẹ́ẹ̀, ìta ni a ti ń ṣe ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú. Ibẹ̀ ni a ń sá èlùbọ́ sí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Èyí mú kí ohun tí a kọ sórí àwòrán ṣe pàtàkì gidigidi.

Àbá wa ni pé kí a kọ́kọ́ kọ agbo ilé àti ìta sórí àwòrán pẹ̀lú orúkọ wọn, kí a tó fa ìlà pùlọ́ọ̀tì. A sì rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ní ìlú wọn, pàápàá lẹ́nu àwọn baálé.