Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀, Ìdánwò Ń Bọ̀: Ìwé Ìlàlóye fún Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹbí

 

Nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, ọ̀fọ̀ náà kan gbogbo Ìjẹ̀bú. Kò sí ẹni tó dá a gbé. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ kú nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè padà sí yunifásítì rẹ̀ ní Ìjagun tàbí Àgọ́-Ìwòyè lẹ́yìn ìsìnkú, kí ará yàrá rẹ̀ má tilẹ̀ mọ ohun tó gbé bọ̀ láti ilé. Nítorí tirẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí.

Ohun tí ọ̀fọ̀ ń ṣe

O jókòó ti ìwé láago mẹ́wàá alẹ́. O ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wọlé. O gbé fóònù, o tún gbọ́ ohùn ìyá rẹ lórí WhatsApp: "Ṣé o ti jẹun?" Ilẹ̀ mọ́ bá ọ níbẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe ọ́. Ọ̀fọ̀ ń lé oorun, ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni, kì í sì í jẹ́ kí ọkàn pa pọ̀. Ẹlòmíràn kì í sunkún rárá. Inú ló máa ń bí i.

Sunkún, kí o sì kàwé

Ní 1999, àwọn olùwádìí Margaret Stroebe àti Henk Schut ṣàlàyé pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ a máa kọjú sí àdánù rẹ̀, a sì tún yí padà sẹ́nu iṣẹ́ ayé rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ náà ló ń múni fara dà á. Bí o bá kàwé, kì í ṣe pé o ti gbàgbé òkú.

- Kàwé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, sinmi, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àwọn ọdún tó kọjá ni kí o fi ṣáájú.
- Ya àkókò kan sọ́tọ̀ lójúmọ́ láti wo fọ́tò ẹni tó kú, láti gbàdúrà, láti sunkún.
- Má fi gààrí mímu nìkan ṣe oúnjẹ. Fi ẹ̀pà, ẹyin tàbí ẹ̀wà kún un.
- Má fi paraga, igbó tàbí tramadol wá oorun.

Sọ fún ilé ẹ̀kọ́

Kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka rẹ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ rẹ, nọ́ńbà rẹ, ẹni tó kú, ọjọ́ ìsìnkú, ìdánwò tó kàn. Gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Òfin yunifásítì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ṣùgbọ́n àlàyé tó ṣáájú ìdánwò máa ń wọlé ju èyí tó kẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ẹbí

Àwọn kan máa ń fi ikú pamọ́ títí ìdánwò yóò fi parí. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ lè rí fọ́tò òkú lórí Facebook lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ rán àgbà kan tó fẹ́ràn, kó lọ sọ fún un lójúkojú, kó sì dúró tì í.

Ẹ má sọ pé, "Ìwọ ni dáwódù, má sunkún." Aṣọ ẹbí, àlejò, fídáù ọjọ́ kẹjọ tàbí ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kó ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀, kó padà sídìí ìwé. Ẹ tètè sọ ẹni tí yóò san owó ilé ìwé rẹ̀ fún un.

Ìgbà tó yẹ kí o rí dókítà

Bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ọ̀fọ̀ náà ṣì le koko lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí o kò lè ṣe ohunkóhun, lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì rẹ tàbí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n lè darí rẹ sí ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Àró, l'Ábẹ́òkúta. Má bẹ̀rù orúkọ náà. Ní àwọn ọdún 1950, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò jẹ́ kí àwọn aláìsàn ibẹ̀ máa gbé láàárín ará abúlé, kí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n má bàa dá a gbé.

Bí ọkàn rẹ bá ń sọ pé kí o tẹ̀lé òkú lọ, sọ fún ẹnì kan nísinsìnyí, má dá wà, kí o sì pe 112.

Pe ẹnì kan lónìí. Dárúkọ ẹni tó kú fún un, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí o tó ṣí ìwé.