Síkánà àti Ìṣòro Òpó Púpọ̀ lórí Ìgbì Kan

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá àti panápaná ni ó ń lo ètò rédíò dìjítà P25. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ọ̀nà simulcast, òpó púpọ̀ máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìgbì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ra síkánà, ìyẹn rédíò tí ń wá ọ̀rọ̀ kiri láti ìkànnì dé ìkànnì, lè wà nítòsí òpó kí ó má gbọ́ ju ọ̀rọ̀ gígé-gígé lọ.

Bí onílù méjì bá ń lu ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀kan ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, èkejì ní Òkè-Àró, tí ìró ọ̀kan pẹ́ dé ju ti èkejì lọ, ọ̀rọ̀ yóò dàrú. P25 ń fi àmì 4,800 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì rédíò a rin nǹkan bí kìlómítà 62 kí àmì kan tó parí. Ká ní òpó kan wà ní Àkúrẹ́, tí òmíràn wà nílùú Oǹdó, tí àpáta sì dín agbára ti Àkúrẹ́ kù títí méjèèjì fi dọ́gba, àmì Oǹdó yóò fi ohun tí ó ju ìdajì àmì kan lọ pẹ́ dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́ ní Àkúrẹ́. Áńtẹ́nà gíga kò wo èyí sàn. Ó tilẹ̀ lè dá kún un. Èyí tí ó kọjú sí òpó kan ṣoṣo sàn jù.

Uniden SDS100 (2018) àti SDS200 (2019) ń wọn títóbi ìgbì àti ipò rẹ̀ nínú ìyípo, wọ́n sì fi ń tún àmì tí ó dàrú tò. Ọ̀pọ̀ síkánà tí ó ṣáájú wọn kì í ṣe èyí, bó ti wù kí wọ́n wọ́n tó. Kí olùrà tó náwó, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti ọ̀rọ̀ ètò náà, nítorí kò sí síkánà tí ó ń ṣí irú rẹ̀.