Igbà, Igbá Tàbí Ìgbà? Ohun Tí Fáìlì RAW Fi Hàn Mí



Lóṣù tó kọjá, mo ya fọ́tò ìwé kan tí mo fi pẹ́ńsù kọ ní 1978, nígbà tí mò ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Nínú fọ́tò JPEG, lẹ́tà hàn, àmì ohùn ò hàn. *Igba* lásán ni mo rí. Àtòjọ ọ̀rọ̀ ni, kò sí gbólóhùn tí èèyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Mo kà á sí *igbá*, mo sì fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń ṣe ìwé atúmọ̀. Àgbà tó sọ ọ́ fún mi ti kú, n ò rẹ́ni bi.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà mi tọ́jú fáìlì RAW pẹ̀lú JPEG. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ojú wẹ́wẹ́ lọ́nà mílíọ̀nù ló wà nínú kámẹ́rà. Píksẹ́lì là ń pè wọ́n. Wọn kì í dá àwọ̀ mọ̀, wọ́n kàn ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni. Bryce Bayer, òṣìṣẹ́ Kodak, ló gba ìwé àṣẹ ní 1976 fún ọgbọ́n tí a ń lò títí dòní: asẹ́ aláwọ̀ lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́rin, méjì jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Píksẹ́lì kan ò mọ̀ ju àwọ̀ kan lọ. Sọ́fúwíà ló ń wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ láti fi méfò méjì tó kù. Bí àwa náà ṣe ń ka Yorùbá tí kò lámì lórí WhatsApp nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó yí i ká la fi ń mọ ohùn rẹ̀. A sì máa ń ṣì í kà. Sọ́fúwíà náà ń ṣì í: lára aṣọ onílà wẹ́wẹ́, àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀ lè yọjú.

Ẹ wá wo bíìtì. JPEG ní bíìtì 8 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpele 256 láti òkùnkùn dé ìmọ́lẹ̀. RAW kámẹ́rà mi ní 14, ìyẹn 16,384. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pẹ́ńsù tó ti ń parẹ́ àti ìwé tó ti pọ́n lè kéré débi pé JPEG á pa méjèèjì pọ̀ sójú kan.

Mo lo dcraw, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí Dave Coffin kọ:

dcraw -w -6 -T iwe.nef

*-w* ní kó lo ìwọ̀n funfun tí kámẹ́rà mú. *-6* ní kó kọ ọ́ jáde ní bíìtì 16. *-T* ní kó jẹ́ TIFF. Ẹ má gbàgbé *-6*, torí bíìtì 8 ló ń kọ bí ẹ ò bá sọ fún un. Ẹni tí kò fẹ́ràn títẹ àṣẹ lè lo RawTherapee, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ sọ JPEG di bíìtì 16. Omi ife kan tí ẹ dà sínú àgbá, omi ife kan náà ni.

Mo ṣí TIFF náà, mo fẹ ìyàtọ̀ òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ lójú. Àmì ìsàlẹ̀ kan yọ fírí lórí *a*: *igbà*, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Mo ti kọ̀wé sí ọmọ mi pé kó tún un ṣe.

Bí ẹ bá ń ya ìwé àwọn àgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa RAW rẹ́.