Bí Owó Ìjọba Ò Bá Tó, Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kàn?

Gbogbo ọdún ni ìjọba ń ka ìṣúná, gbogbo ọdún náà sì ni owó kì í tó. Ta ló wá yẹ kó kọ́kọ́ kàn? Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí ìjọ wa ti ń ronú lórí ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo kà, ká sì fi wo àdúgbò wa: Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáíkò.

Ní ọdún 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Rerum Novarum, nítorí ìyà tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà. Ó ní olówó ní ohun tó lè fi gbèjà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ni tálákà gbójú lé. Ẹ wò ó ná: tí iná bá lọ, olówó á tan jẹnẹrétọ̀. Tí ọsíbítù ìjọba ò bá ní oògùn, á gba ti aládàáni lọ. Tálákà ńkọ́? Ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ní kí ohun tí tálákà nílò ṣáájú. Ní 1967, Póòpù Paul Kẹfà náà bá àwọn ìjọba wí tí wọ́n ń náwó sórí ohun ìjà àti àṣehàn nígbà tí ebi ń pa aráàlú.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Ní òpin ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ gbé àfikún ìṣúná tírílíọ̀nù 2.17 náírà wá. Bílíọ̀nù 5 wà nínú rẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi ààrẹ, tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi. Bílíọ̀nù 5 mìíràn wà fún owó tí wọ́n fẹ́ yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ariwo sọ! Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin wá ní kí wọ́n kó owó ọkọ̀ náà kún ti akẹ́kọ̀ọ́, kó di bílíọ̀nù 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ LASU, ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín?

Ẹ̀kọ́ kejì wá látọ̀dọ̀ Póòpù Pius Kọkànlá ní 1931: ohun tí àwọn tó sún mọ́ aráàlú bá lè ṣe, kí àwọn tó wà lókè má gbà á lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nínú òfin Nàìjíríà ti 1999, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀ àti kíkó ìdọ̀tí, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Kò yẹ kí gọ́tà tó dí ní Ìbà máa dúró de Abuja. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣiṣẹ́ láìsí owó? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ọ̀jọ́ wà lára ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí òfin mọ̀ ní Èkó. Ìbà jẹ́ LCDA tí ìjọba ìpínlẹ̀ yọ lára rẹ̀ ní 2003. Nítorí náà, ó yẹ ká máa béèrè bí owó ṣe ń ti Ọ̀jọ́ dé Ìbà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo títì Èkó sí Àgbádárìgì. Ní 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ètò ọkọ̀ ojú irin kìlómítà 27, láti Marina dé Òkòkómáíkò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ìpele kejì ni wọ́n fi tiwa sí. Àwọn kan máa ń sọ pé irú iṣẹ́ ńlá báyìí, àṣehàn lásán ni. Mi ò gbà. Ìyá tó ń lọ sọ́jà, ọmọṣẹ́ tó wà ní Alaba, akẹ́kọ̀ọ́ LASU, gbogbo wọn ló ń wọ dánfó lójú títì yẹn. Ire gbogbo wa ni. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ń pẹ́, ìyà ìdúró kì í dọ́gba. Olówó á wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú AC. Ẹni tó ń jẹun látinú iṣẹ́ òòjọ́, owó oúnjẹ ọjọ́ yẹn ló ń lọ.

Ẹnìkan lè ní kí ìjọ gbájú mọ́ àdúrà. Lóòótọ́, Póòpù ò mọ iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì, ìjọ ò sì bá ẹnikẹ́ni kọ ìṣúná. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi Mùsùlùmí náà mọ̀ ọ́n: nínú àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká, tálákà ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

Tí ẹ bá tún gbọ́ ìṣúná lórí rédíò, ẹ má kàn ka iye bílíọ̀nù. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́kọ́ kàn, àti ẹni tí wọ́n ní kó ṣì máa dúró. Ọmọ ọdún 18 ló ń dìbò. Àwọn kan nínú wa ò ní pẹ́ débẹ̀.