Bí Goh Keng Swee ṣe tún àpò Singapore rán

Lọ́dún 1959 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà kí Singapore máa ṣèjọba ara rẹ̀, àpò ìjọba tuntun náà ti ń jò. Ìṣirò fi hàn pé owó tí wọ́n máa ná lọ́dún náà yóò fi mílíọ̀nù 14 dọ́là ilẹ̀ wọn ju èyí tó ń wọlé lọ.

Goh Keng Swee, tó ti gba owó orí fún ìjọba òyìnbó rí, ni wọ́n fi ṣe mínísítà ètò ìnáwó. Ìnáwó ló kọ́kọ́ gé. Kódà, ó dín owó tó ń wọlé fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kù, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Inú bí wọn gan-an. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta péré mọ bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe le tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún parí, mílíọ̀nù kan dọ́là ló ṣẹ́ kù sápò ìjọba.

Kì í ṣe ahun o. Ọkùnrin yìí kan náà ló ní kí wọ́n náwó sórí àbàtà Jurong, kí wọ́n sọ ọ́ di ibùdó iléeṣẹ́. Àwọn èèyàn pè é ní ìwà òmùgọ̀ Goh. Lọ́dún 1963, iléeṣẹ́ irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1968, ìjọba ti ní láti dá àjọ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó Jurong.